Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, gíráàmù mélòó ló yẹ kí n fi kún ẹnu ìbọn afẹ́fẹ́ mi?

TuntunLóríÌlà

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin lóbìnrin. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì mọ̀ pé ẹ ti pẹ́ lórí ìlà jù mí lọ. Ìbọn ìléwọ́ oníafẹ́fẹ́ ti mítà 10 ni mò ń yìn, mi ò tíì pé ọdún méjì nídìí ẹ̀. Ìbọn náà wọ̀n gíráàmù 970 nígbà tí ò tíì sí nǹkan kan lára ẹ̀. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu nígbà yẹn ni pé ẹnu ìbọn ò kí ń fara balẹ̀, bí mo bá ti gbé e dé abẹ́ dúdú àárín tágẹ́ẹ̀tì báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jó, á lọ sósì á lọ sọ́tùn-ún, sáìtì iwájú (sáìtì ni ohun tá a fi ń fojú sun tágẹ́ẹ̀tì lórí ìbọn) ò ní dúró sójú kan láàárín ihò sáìtì ẹ̀yìn, kí n tó rí i kó dúró apá ti ń ro mí.

Ẹnì kan tá a jọ ń yìn wá sọ fún mi pé ṣebí wéètì wà nínú páálí tí ìbọn náà bá wá, kí n lọ dè é mọ́ ọn. Mẹ́ta ni wọ́n, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 45, wọ́n ṣeé sún síwá sẹ́yìn lórí réèlì tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Mo ti gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí iwájú pátápátá, mo fi súkúrù dè wọ́n pinpin. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọta mẹ́wàá àkọ́kọ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ sunkún, ìbọn dúró bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yìn ún pé ọta 60, ẹ wo màákì tí mo gbà ní sẹ́ríìsì-sẹ́ríìsì, ìyẹn ọta mẹ́wàá-mẹ́wàá, 100 ló pọ̀ jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan:

Láìsí wéètì: 91, 90, 91, 90, 89, 90
Pẹ̀lú wéètì: 93, 94, 92, 90, 87, 86

Àwọn tó burú níkẹyìn yẹn, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ, láago mẹ́fà gangan. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bákan náà ló ń rí. Ṣé kí n yọ ọ́ kúrò ni àbí kí n máa bá a lọ títí apá mi á fi mọ́ ọn lára? Àbí wéètì ọ̀hún ló kéré, torí mo rí àwọn tí ìbọn tiwọn wúwo ju tèmi lọ dáadáa tí wọ́n sì ń yìn ín bí ẹni mumi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Atamátàsé

Àbúrò mi, o ṣé gan-an tó o kọ màákì ẹ sílẹ̀ ní sẹ́ríìsì-sẹ́ríìsì, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ro wọ́n pọ̀. Ti láìsí wéètì jẹ́ 541, ti pẹ̀lú wéètì jẹ́ 542. Máàkì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe rìn, tàkọ́kọ́ lọ gbọọrọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tìkejì gun òkè ó wá já wálẹ̀. Wéètì ń ṣiṣẹ́ tiẹ̀ dáadáa nígbà náà, apá ẹ ni ò lè bá a dé òpin, nítorí náà má yọ gbogbo ẹ̀ kúrò, má sì fi kún un.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi ń lọ sísàlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ni ò ro ibẹ̀ yẹn dáadáa. Kò sí apá èèyàn tí kì í gbọ̀n. Kódà ọwọ́ ẹni tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ máa ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 8 sí 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú lásán ni ò rí i. Tí nǹkan tó o gbé dání bá wúwo, ìgbọ̀n kéékèèké yẹn ò ní lè mì ín bó ṣe ń mi ohun tó fúyẹ́, ìdí nìyẹn tí sẹ́ríìsì ẹ àkọ́kọ́ fi dùn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ iṣan tó ń gbé e náà á máa ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, iṣan tó bá sì ti ń rẹ̀ máa ń gbọ̀n ju iṣan tí ara ẹ̀ le lọ. Ohun tó o fọwọ́ ọ̀tún gbà, o tún ń fọwọ́ òsì dá a padà nìyẹn.

Ti pé aago mẹ́fà ló ń lọ, ọrùn ọwọ́ nìyẹn. Ká ní àárín sáìtì iwájú àti sáìtì ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 320. Tí gbogbo apá ẹ bá sún wálẹ̀ ní mìlímítà 5 láìjẹ́ pé ọrùn ọwọ́ tẹ̀, ọta náà á sún ní mìlímítà 5, inú òrùka máàkì 10 ló ṣì wà, torí òrùka 10 fẹ̀ tó mìlímítà 11.5. Ṣùgbọ́n tí ọrùn ọwọ́ bá tẹ̀ débi pé sáìtì iwájú fi mìlímítà 1 péré rẹlẹ̀ sí tẹ̀yìn, nígbà tó bá máa fi rin mítà 10 ó ti di nǹkan bíi mìlímítà 31, ìyẹn máàkì 7. Mìlímítà kan péré o! Ìwọ wá lọ kó gíráàmù 135 sí ẹnu ìbọn pátápátá, ó ń fa ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ láti ọta 1 dé ọta 60. Nígbà tí ọrùn ọwọ́ á fi rẹ̀ ní nǹkan bí ọta 35, kí lo rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?

Nítorí náà, ibi tí wéètì wà ló ṣe pàtàkì jù, iye gíráàmù ló tẹ̀ lé e. Gíráàmù 100 tó jìnnà sí ọwọ́ ẹ ní mìlímítà 250, bó ṣe ń fa ọrùn ọwọ́ wálẹ̀ náà ni gíráàmù 250 tó wà ní mìlímítà 100 ṣe máa fà á. Ní ti dídá ìmìtìtì dúró, iwájú tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí níbẹ̀ ṣe ni jíjìnnà yẹn ń di ìlọ́po ara ẹ̀, agbára gíráàmù 100 kan náà ní mìlímítà 250 lé ní ìlọ́po 6 ti mìlímítà 100. O rí i pé gíráàmù díẹ̀ níwájú ti tó ṣe púpọ̀, kò sídìí láti kó mẹ́ta síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe nìyí. Yọ ọta kúrò, rí i dájú pé ìbọn ṣófo, gbé e lé orí etí rúlà, wá ibi tó ti dọ́gba láìtẹ̀ síwá sẹ́yìn, fi téèpù kékeré sàmì síbẹ̀. Ṣe é láìsí wéètì, ṣe é pẹ̀lú ẹ̀, kó o fojú ara ẹ rí bí àmì yẹn ṣe ń sún. Lẹ́yìn náà fi wéètì kan ṣoṣo sí iwájú, ti ìkejì wá sẹ́yìn títí dé itòsí ìdí tírígà, kó o yọ ìkẹta sápò. Yìn ín bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó o tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Tó o bá ń yí i lójoojúmọ́ o ò ní mọ èyí tó ràn ẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tó o rí tí ìbọn wọn wúwo yẹn, apá wọn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

ApáÒsì

Ọ̀rọ̀ ti parí sẹ́nu ẹ̀gbọ́n, mo kàn fẹ́ fi ìṣirò kékeré kan kún un. Ọta 60 ni ìdíje, ṣùgbọ́n iye ìgbà tá à ń gbé ìbọn sókè ju 60 lọ, torí ti pé a máa ń gbé e sọ̀ kalẹ̀ tí kò bá dáa, àti ọta ìdánwò ṣáájú. Ká pè é ní ìgbà 90. Ìbọn ẹ pẹ̀lú wéètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ gíráàmù 1105, lọ́nà 90, ó lé ní kílò 99. Kílò 99 tó o fi apá kan nà gbọọrọ gbé láàárín ìṣẹ́jú 75 àti ti ìdánwò! Nínú ẹ̀, wéètì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ti kó kílò 12.

Mo tún fẹ́ bi ẹ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó lo máa ń dì í mú kó tó dún? Tó bá ti kọjá 10, gbé e sọ̀ kalẹ̀ jọ̀ọ́. Wéètì máa ń tan èèyàn láti dúró pẹ́, torí ó dúró dáadáa níbẹ̀rẹ̀ èèyàn á fẹ́ kó tún dúró sí i.

MítàMẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo kí gbogbo ilé o. Mi ò fẹ́ ta ko ẹ̀gbọ́n mi Atamátàsé ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn pé kí gbogbo èèyàn máa sá fún wéètì iwájú. Ìbọn ìléwọ́ .22 (oníbàrúùdù ni, kì í ṣe ti afẹ́fẹ́) ti mítà 25 ni mò ń yìn, ti ìyára ni mo fẹ́ràn jù, ìyẹn èyí tá a ti máa ń yin ọta 5 sí tágẹ́ẹ̀tì 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 8, lẹ́yìn náà 6, lẹ́yìn náà 4. Níbẹ̀, ìbọn máa ń ta sókè lọ́wọ́ ẹni lẹ́yìn ọta kọ̀ọ̀kan, tí iwájú ò bá wúwo tó, kí sáìtì tó padà sójú ẹ̀ àkókò ti lọ. Nígbà tí mo fi gíráàmù 100 síwájú, ọta kejì àti ìkẹta mi yí padà bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń yìn ín. Mi ò lè yọ ọ́ láéláé.

Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni mo kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, bí mo ṣe fi í sí i, gbogbo ọta mi rẹlẹ̀ sí ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Mo rò pé mò ń fa tírígà láìdáa, mo fi odindi ọ̀sẹ̀ kan bá ara mi jà. Kóòṣì mi ló wá sọ pé kí n yí sáìtì ẹ̀yìn sókè kí n yéé da ara mi láàmú: kí ọta tó jáde lẹ́nu ìbọn ni ẹnu ìbọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè díẹ̀, tí wéètì bá wà níwájú kò ní gbéra tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ọta á sì rẹlẹ̀. Ìkejì, nínú ti ìṣẹ́jú àáyá 4, iwájú tó bá wúwo jù máa ń kọjá tágẹ́ẹ̀tì, o gbé e láti ọ̀tún sósì, ó yẹ kó dúró, ó tún sún díẹ̀ sí i, ọta á sì lọ sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà tí mo dé gíráàmù 160 mo rí i kedere, mo sáré dín in kù.

Ẹ má sì gbàgbé òfin ISSF o, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń darí ìdíje ìbọn yíyìn. Ti mítà 25, ìbọn ò gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 1400 lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí tó jẹ́ mìlímítà 300 ní gígùn, 150 ní gíga, 50 ní ìbú. Wéètì tó bá yọ síta tí kò jẹ́ kó wọ àpótí, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Atamátàsé

Àbúrò, a ò takora, ohun tá à ń yìn ló yàtọ̀. Tìẹ, ìbọn ń ta, ó sì pọn dandan kí o kápá ẹ̀, àti pé ọta márùn-ún lo máa yìn kó o tó gbé apá sọ̀ kalẹ̀ sinmi. Ìbọn afẹ́fẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ ta lọ́wọ́, ohun tá à ń wá níbẹ̀ ni ìdúróṣinṣin àti okun tó máa dé òpin. Ti pé ọta rẹlẹ̀ lẹ́yìn wéètì yẹn, ó dáa tó o sọ ọ́, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni fi wéètì sí ìbọn .22 láìtún sáìtì tò.

Ti mítà 10, àlà tiwa ni gíráàmù 1500, àpótí náà jẹ́ 420 lọ́nà 200 lọ́nà 50. Ní ti ìbọn 50m, kò sí àlà ìwúwo rárá, kò sì sí fún tírígà. Ẹ wo Jin Jong-oh ọmọ Kòríà, ó gba wúrà 50m ní Òlíńpíìkì 2008, 2012 àti 2016. Lẹ́yìn 2016 ni wọ́n yọ ọ́ kúrò ní Òlíńpíìkì, ó dùn mí títí dòní, torí níbẹ̀ lèèyàn ti lè gbé ìbọn kalẹ̀ bó ṣe bá ara ẹ̀ mu láìsí ẹni tó máa gbé òṣùwọ̀n sí i. Mo ti rí àgbà tó ń yìn ín tó ti so ọ̀pá irin tó gùn méjì mọ́ iwájú, á sì tún gbé òmíràn sẹ́yìn eèkù kó lè dọ́gba. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

TuntunLóríÌlà

Háà, ẹ ṣeun gan-an ni, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ tó báyìí. Ti mìlímítà 1 tó di 31 yẹn, mo kọ ọ́ sí iwájú ìwé tí mò ń kọ màákì sí. Ẹ̀gbọ́n ApáÒsì, mo ka ìṣẹ́jú àáyá lánàá bẹ́ ẹ ṣe sọ, mo dé 14 nígbà míì! Mi ò mọ̀ rárá.

Ìbéèrè kan kù. Ẹni tó ní kí n fi wéètì sí i yẹn tún sọ pé tí èyí tó bá ìbọn wá ò bá tó, kí n ra òjé àwọn apẹja, kí n fi gúlúù lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìlíńdà afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ọ̀pá. Ṣé ó dáa?

Alátùnṣe

Rárá o, rárá, má fi gúlúù kan sìlíńdà yẹn rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ìbọn ni mò ń tún ṣe, mo ti rí nǹkan tí kò yẹ kéèyàn rí. Sìlíńdà yẹn, afẹ́fẹ́ tó le gidi ló wà nínú ẹ̀, bíi bar 200 nínú ọ̀pọ̀ wọn (bar la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó). A kì í fi fáìlì rẹ́ ẹ, a kì í lu ú níhò, a kì í fi iná kàn án, a kì í lẹ nǹkan mọ́ ọn, ó sì ní ọjọ́ tí ìlò ẹ̀ ń parí tí wọ́n kọ sára ẹ̀, gúlúù àti òjé á bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pá ìbọn náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí réèlì àti ihò súkúrù ti wà fún un látilé iṣẹ́ nìkan ni kéèyàn lò.

Mo mọ ẹnì kan tó fi téèpù wé òjé mọ́ abẹ́ ọ̀pá, ó ti ń yìn ín bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìsí ìṣòro. Ọjọ́ ìdíje, nínú sẹ́ríìsì kẹta, òòrùn ti mú téèpù rọ̀, òjé ń sún síwá sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ nígbà tó bá gbé ìbọn, kò tètè mọ̀. Ó ń yí sáìtì, kò yé e. Ìgbà tó jábọ́ sórí tábìlì ló tó yé e. Mo wà lẹ́yìn ẹ̀, àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Tó o bá fẹ́ wéètì kékeré tó wúwo, ohun tí wọ́n fi ṣe é ni kó o wò. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga, ti alumíníọ̀mù jẹ́ gíráàmù 2.7, ti irin nǹkan bíi 7.8, ti idẹ bíi 8.5, ti òjé 11.3, ti tungsten 19.3. Tungsten ló dáa jù fẹ́ni tí àyè ò sí lórí réèlì ẹ̀, òun ló sì wọ́n jù, idẹ ti tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Òjé máa ń rọ̀, súkúrù kì í dì í mú dáadáa, o sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ lẹ́yìn tó o bá fọwọ́ kàn án.

Kí o tó tún ra nǹkan kan ṣá, wo eèkù ìbọn ẹ. Ẹnu tó ń jó sósì sọ́tùn-ún, ó lè jẹ́ pé eèkù yẹn ò bá ọwọ́ ẹ mu, ìka ń fún un lápá kan ju apá kejì lọ. Dì í mú, di ojú, gbé e sókè, la ojú. Tí sáìtì iwájú ò bá sí láàárín tẹ̀yìn nígbà tó o lajú, eèkù nìṣòro, wéètì ò lè tún ìyẹn ṣe.

Lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, lọ wọ̀n ọ́n, kó o sì tún wọn tírígà. Gíráàmù 500 ni kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí fún ìbọn afẹ́fẹ́, wọ́n lè mú un wò lẹ́yìn ìdíje náà, èyí tí kò bá gbé 500 yẹn, wọ́n máa yọ ẹni náà kúrò ni.

ApáÒsì

Ọ̀gá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ti eèkù yẹn. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wá wéètì kiri kí wọ́n tó fi fáìlì kékeré rẹ́ ibi àtàǹpàkò fún mi, ó sì tán.

TuntunLóríÌlà

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ mẹ́ta ni.

Mo ṣe ìdánwò dídi ojú yẹn, sáìtì iwájú máa ń wà lápá òsì díẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló bá mi yí eèkù díẹ̀, ó sì fi nǹkan kún ibi àtẹ́lẹwọ́, báyìí tí mo bá lajú ó ti wà láàárín tàbí itòsí ẹ̀. Wéètì kan wà níwájú, ọ̀kan wà nídìí tírígà, ìkẹta wà nínú àpò. Gbogbo ẹ̀ wọ̀n gíráàmù 1060. Àmì téèpù tí mo fi sí ibi tó ti dọ́gba sún padà sẹ́yìn dáadáa sí ti ìgbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú, mo fojú ara mi rí i. Mi ò sì dì í mú kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10 mọ́, bí mo bá ti kà á dé 9 mo ti gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi.

Èyí tí mo yìn láàárọ̀ yìí: 92, 92, 91, 92, 90, 91. 548!

Sẹ́ríìsì àkọ́kọ́ ò dùn tó bó ṣe dùn lọ́jọ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú, mo jẹ́wọ́, ó ṣì ń wù mí. Ṣùgbọ́n ní ọta 50 apá mi ṣì wà níbẹ̀, nínú sẹ́ríìsì tó kẹ́yìn ọta kan ṣoṣo ló lọ sísàlẹ̀ dé 8. Ẹ̀gbọ́n Atamátàsé, tí n bá fi oṣù kan sí i lò ó báyìí, ṣé kí n ti èyí tó wà nídìí tírígà síwájú díẹ̀, bíi mìlímítà 20, àbí kí n fi í sílẹ̀?

Atamátàsé

Inú mi dùn jọjọ, àbúrò mi! Fi í sílẹ̀ títí ìdíje ẹ á fi kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀, sún un ní mìlímítà 10, má sún un ní 20, kó o yin odindi 60 lẹ́ẹ̀mẹta, kó o wá fi màákì sẹ́ríìsì karùn-ún àti ìkẹfà ránṣẹ́ sí wa níbí. Ti àkọ́kọ́ ò kàn mí.